Ẹní Bàbá Àgbà Lábẹ́ Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí bàbá tó bí ìyá mi kú ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti ní ọmọ-ọmọ méjì, ṣùgbọ́n títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, bí mo bá wọlé láti kí wọn, wọn yóò kọ́kọ́ ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n. Lójú wọn, ọmọdé ni mí, n kò sì bá wọn jiyàn.

Níbi ìsìnkú, ọkùnrin kan gba ẹ̀rọ-gbohùngbohùn, ó ní Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé wọn, ó sì ní mẹkáníìkì pàtàkì ni wọ́n. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi tún ìwé ọmọ ọlọ́mọ ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún ti arákùnrin wa náà ṣe díẹ̀. Bàbá Àgbà máa ń jà. Wọ́n bá ìyàwó wọn jà nítorí ìyẹ́ adìẹ, wọ́n bá jẹnẹrétọ̀ ìjọ jà, wọ́n bá awakọ̀ tí n kò lè ka iye wọn jà. Wọn kì í sì í ṣe mẹkáníìkì. Sáláńsà ni iṣẹ́ wọn: ọ̀pá irin tó ń gba èéfín kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù, àti agolo ńlá tó ń pa ariwo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí awakọ̀ bá mú ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì wá bá wọn lábẹ́ àtíbàbà wọn ní Ògèrè, wọn yóò ní kó máa lọ. "N kò mọ bó ṣe ń jẹun," ni wọn yóò wí. "Ibi tí èémí rẹ̀ ń gbà jáde ni tèmi."

Ohun kan ṣì kù kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni Bàbá ń sọ, pàápàá bí inú bá ń bí wọn. Mo tún ọ̀rọ̀ wọn kọ níhìn-ín sí Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyẹ́ adìẹ. Bí sáláńsà bá ń jò, àwọn mìíràn a máa na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti mọ ibi tí èéfín ti ń yọ. Bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn bí apá, wọ́n so ìyẹ́ àyà adìẹ mọ́ orí rẹ̀. Wọn yóò ní kí awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀, wọn yóò sì máa fi ìyẹ́ náà tọ ọ̀pá lọ díẹ̀díẹ̀, láti ìdí ẹ́ńjìnnì títí dé ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde. Ibi tí ìyẹ́ bá ti gbọ̀n, ibẹ̀ ló ti jò. Mo ti rí wọn tí wọ́n fi ìyẹ́ rí ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́.

Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé ìyẹ́ máa ń jóná. Ó ń fẹ́ àrọ́pò lójoojúmọ́. Bí Màmá, ìyàwó wọn, bá ń pa adìẹ ọdún, Bàbá yóò ti jókòó ti agbada omi gbígbóná kí ẹnikẹ́ni tó dé.

"Bàbá Dúpẹ́," ni Màmá máa ń wí, nítorí Dúpẹ́ ni orúkọ ìyá mi, "ṣé a fẹ́ jẹ adìẹ yìí ni, àbí ẹ fẹ́ fi rán ìrọ̀rí?"

"Ẹ jẹ ẹran yín. Ẹ fún mi ní èyí tí ẹ fẹ́ dà nù."

"Adìẹ ìyá Lékè tí apá rẹ̀ kan pá ńkọ́? Ta ló ní ká da ìyẹ́ tirẹ̀ nù?"

Bàbá yóò kàn máa ṣa ìyẹ́ tirẹ̀ lọ. Ìyá Lékè ni aládùúgbò wa, adìẹ rẹ̀ sì máa ń sá bó bá ti gbúròó bàtà Bàbá. Lọ́jọ́ kan tí mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi lo ọwọ́ bíi ti àwọn yòókù, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn sílẹ̀ kí n wò ó. Ó le bí awọ bàtà. "Ọwọ́ mi ti rí púpọ̀," ni wọ́n wí, "kò lè rí kékeré mọ́."

Wọn kì í kánjú. Awakọ̀ a máa sáré wọ Ògèrè, a ti fi ọkọ̀ gun òkè Ṣàgámù wá, ọ̀pá sáláńsà rẹ̀ gbóná bí ààrò búrẹ́dì, a sì ní kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀. Bàbá yóò wọ́n omi díẹ̀ sí irin náà. Bí omi bá kígbe, wọn yóò fún awakọ̀ ní ẹ̀pà, wọn yóò sì fi àga hàn án. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun mọ ẹni tí òun jẹ́, òun kò ní lè jókòó jẹ ẹ̀pà pẹ̀lú àwọn mọ́tò-bọ́ọ̀yì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, irin sì jó o. Bàbá ló fi epo pa ọwọ́ náà lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ di í, wọ́n ń fẹ́ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ oúnjẹ ọmọ. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Irin gbígbóná kò bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ bàbá rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Iná ojoojúmọ́ àti ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà a máa pa nọ́ọ̀tì sáláńsà pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bí wọn pọ̀. Bàbá yóò fi epo rẹ ẹ́, wọn yóò fi sílẹ̀, wọn yóò lọ máa ka Bíbélì wọn, wọn yóò padà, wọn yóò tún rẹ ẹ́. Làsísì, ọmọ iṣẹ́ wọn tó padà di ọ̀gá àtíbàbà náà, ti já orí nọ́ọ̀tì púpọ̀ nígbà èwe rẹ̀, Bàbá sì to gbogbo rẹ̀ sórí pákó kan níwájú ibi tó máa ń jókòó jẹun. "Ẹ̀bẹ̀ la fi ń tú u," ni wọ́n sọ fún un. "Ẹni tó bá fi agbára bẹ̀rẹ̀ yóò fi òòlù parí."

Ẹ má rò pé irin nìkan ni wọ́n ń fi ọgbọ́n yìí tún ṣe. Wọ́n wá kí mi ní ilé-ìwé mi nígbà kan, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mo le nígbà náà. Ogójì ọmọ ló ká ọwọ́ sí àyà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wúkọ́ láìtọrọ àyè. Bàbá wò wọ́n títí. Nígbà tí mo sìn wọ́n jáde, wọ́n ní nígbà tí àwọn bá ń so sáláńsà mọ́ ìdí ọkọ̀, rọ́bà ni àwọn fi ń so ó, kì í ṣe irin, kó lè máa mì bí ọkọ̀ bá ń mì. Mo ní mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá, n kò tíì mọ̀. "Fún wọn ní rọ́bà díẹ̀, Abọ́sẹ̀dé," ni wọ́n wí. "Èyí tí kò bá lè mì, dídá ló máa dá."

Mo bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí àwọn ọmọ náà tú ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Ti gásíkẹ́ẹ̀tì kò ṣe é fi sílẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín ọ̀pá méjì kí èéfín má baà yọ ní oríkèé. Bí wọ́n bá tú ọ̀pá, tuntun ni Bàbá ń fi sí i, bó ti wù kí ti àtijọ́ dán tó. Wọn yóò sì ká ti àtijọ́ náà sí méjì kí wọ́n tó jù ú nù, nítorí àwọn kan wà tó ń ṣa á, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan láti apá ìsàlẹ̀ ọgbà ọkọ̀ wá bá wọn jà lórí èyí. Ó ní Bàbá ń ba oúnjẹ ọmọ òun jẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí etí, wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n sì ká òmíràn lójú rẹ̀. "Ohun tó ti fún mọ́ra fún ẹnìkan," ni wọ́n wí, "kò ní fún mọ́ra bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Ìjà jẹnẹrétọ̀ ìjọ wá. Ìjọ Áńgílíkà ni a ń lọ, Bàbá sì fẹ́ràn ìjókòó iwájú. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Fíkà ń wàásù lórí Jónà, ó sì ti dé ibi tó ti ń bá àwọn àgbà olórí kunkun wí, ni Bàbá bá dìde. Wọ́n gba àárín ìjọ kọjá láìyára, wọ́n jáde. Fíkà gbé omi mì, ó ń bá a lọ. Kò pẹ́, iná kú. Fáànù dúró. A gbọ́ tí irin ń lu irin lẹ́yìn fèrèsé. Ó tó bí ìdajì ìwàásù kí jẹnẹrétọ̀ tó tún dún, ohùn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Bàbá wọlé padà, iwájú agbádá funfun wọn dúdú láti ọrùn dé ìdí. Màmá bo ojú.

Lẹ́yìn ìsìn, Fíkà wá bá wọn. "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ọ̀rọ̀ mi ló dùn yín?"

"Ìwàásù yín dára, Fíkà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tó jókòó ti fèrèsé tí wọ́n ń mi orí yẹn, ẹ má rò pé wọ́n ń gbà pẹ̀lú yín. Èéfín ló ń kùn wọ́n lóorun."

Mo ti sọ èyí fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n òun ni Bàbá mú lọ́kàn ju ohun gbogbo lọ. Wọ́n máa ń sọ pé ariwo sáláńsà kì í pa ènìyàn. Èyí tí ènìyàn kò gbọ́, tí kò sì rí, ni kó bẹ̀rù. Èyí ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò.

Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nígbà náà. Wọn kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Làsísì, tí irun orí òun náà ti ń tán lọ, ló ń ṣe iṣẹ́. Bàbá kàn ń wọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ògèrè láràárọ̀ láti jókòó, kí wọ́n máa rí àṣìṣe rẹ̀. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ lọ fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, n kò tíì gbé e kalẹ̀ tán tí ọkọ̀ akẹ́rù Alhája Sìnótù fi yà wọlé.

Alhája yìí jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú àwọn olóbì Ṣàgámù. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Alhája, àfi Bàbá, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tó sì ti rí i nígbà tí kò tíì lè so ìró. Ṣàkírù ọmọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Láti ìdájí ni àwọn méjèèjì ti wà nínú ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń kó obì láti àwọn abúlé tó yí Simawa ká, wọ́n sì ti di apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kún un, wọ́n ń gbé e lọ sí Òkè Ọya. Wọn kò wá fún àtúnṣe kankan. Bàbá ni wọ́n yà kí.

Ṣàkírù dọ̀bálẹ̀. Obì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ pọ́n. Kó tó dìde, ó yán.

"Obì ẹlẹ́ẹ̀kelòó nìyẹn láti òwúrọ̀?" ni Bàbá bi í.

"Ìkẹfà ni, Bàbá."

"O sì ń yán."

"Oorun ni, Bàbá. Bí mo bá ti wakọ̀ fún bíi wákàtí kan, ṣe ló máa ń kì mí mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n wọ kòtò."

Alhája yọ orí láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Obì ọdún yìí ni, Bàbá. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, kò lágbára. Mo ti pààrọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó gbó láti èṣí ni mo máa fún un nísinsìnyí." Òun náà sì yán.

Ẹ má fi Alhája rẹ́rìn-ín. Obì ni ìran wọn ń tà, obì ni gbogbo awakọ̀ tó mọ̀ fi ń lé oorun. Ọmọ rẹ̀ jẹ obì, ó ṣì ń sùn. Kí ni ìbá tún rò bí kò ṣe pé obì náà ni kò dára? Ó ṣe é bí oníṣòwò rere: ó pààrọ̀ ọjà.

"Ṣé orí ń fọ́ ọ?" Bàbá tún bi Ṣàkírù.

"Ó máa ń fọ́ mi, Bàbá. Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ jẹun, á lọ."

Bàbá dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ẹ̀yìn ti há wọn. Nígbà tí wọ́n nàró, ojú wọn ti yí padà.

"Ọkọ̀ yìí kò ní kúrò níbí. Sáláńsà rẹ̀ ti jò. Èéfín ń gba ìsàlẹ̀ wọlé bá yín. Ṣàkírù, kì í ṣe oorun lò ń sùn. Ikú lò ń tọ́ wò."

"Háà, Bàbá, ẹ ṣàánú mi," ni Alhája wí. "Ọjà Jímọ̀ọ́ ni mò ń bá lọ, àwọn oníbàárà mi ti ń retí. Tí a bá ti dé, Ṣàkírù fúnra rẹ̀ yóò mú ọkọ̀ wá. Bó ṣe ń jò náà ló ṣe ń gbé wa láti ọjọ́ yìí. Ṣàkírù, gòkè ká máa lọ."

Ṣàkírù wo ìyá rẹ̀, ó wo Bàbá. Ó gòkè.

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n mú ẹní tí wọ́n fi ń sùn lọ́sàn-án kúrò lẹ́yìn àga, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀ náà, ní ọ̀nà jíjìn sí ibi tí irin ti gbóná, wọ́n sì rá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń lọ sùn. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì yọ síwájú táyà.

"Kí ni Bàbá ń ṣe?" ni Alhája béèrè látòkè.

"Wọ́n ti sùn, Alhája," ni Làsísì wí.

"Wọ́n sùn síbo?"

"Sábẹ́ yín."

Alhája sọ̀kalẹ̀. Léèsì ló wọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè dúró lóòró bá àgbà tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí náà ó kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ elépo Ògèrè, ó tẹ orí wálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jáde, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ta nìyẹn?"

"Sìnótù ni."

"Sìnótù wo?"

"Sìnótù ọmọ Bùràímọ̀, Bàbá."

"Bùràímọ̀ tí mo mọ̀ ìbá ti jẹ́ ká tú sáláńsà."

Ó ní kí Làsísì fa Bàbá jáde. Làsísì ní apá ń dun òun. Ó wo àwọn awakọ̀ tó ti pé jọ. Oníkálukú ń wo bàtà ara rẹ̀. Ní Rẹ́mọ, ta ni yóò fa àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ jáde bí ewúrẹ́? Kò sí ìlànà tó fi àyè gbà á.

"Abọ́sẹ̀dé," ni Bàbá pè mí láti abẹ́ ọkọ̀. "Gbé oúnjẹ mi wá."

Mo ti abọ́ ìkọ́kọrẹ́ náà sí wọn. Olùkọ́ ni mí, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín, mo sì fi fìlà wọn bo ẹnu.

"Sìnótù, wá jẹun."

"Á gba ibi ire, Bàbá," ni Alhája dáhùn. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé.

Bàbá jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà dé ìdajì. Lẹ́yìn náà Bàbá tún sọ̀rọ̀. "Sìnótù, ṣé aṣọ ìnujú wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, Bàbá."

"Fọn imú rẹ sí i."

Ó tó ẹni ogún tó ń wò ó. Alhája yí ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó fọn imú. Aṣọ funfun ni, ohun tó jáde sí i sì dúdú díẹ̀. Ó wò ó, ó ká a, ó tún ṣí i wò bí ẹni pé yóò ti yí padà. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó fọn tirẹ̀ sí apá kejì. Ti Ṣàkírù dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ìwọ, òwúrọ̀ yìí nìkan lo bá a gùn ún," ni Bàbá wí láti ìsàlẹ̀. "Òun ń gbé inú rẹ̀."

Alhája jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú léèsì rẹ̀. Ojú tí mo rí lójú rẹ̀ nígbà náà, ojú ìyá ni. Ó ti gbàgbé Jímọ̀ọ́ àti ọjà. Ó ń wo Ṣàkírù láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń ka ìka ọmọ tuntun.

"Ẹ jáde, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ tú u."

Èèyàn mẹ́ta ló gbé Bàbá nàró, Bàbá sì ń ráhùn pé Làsísì kì í gbá ilẹ̀ ibi tó ń ṣiṣẹ́ sí. A dúró kí irin tutù. Làsísì rẹ nọ́ọ̀tì, ó tú u, ó fa ọ̀pá náà jáde. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ihò kan wà tó gba àtàǹpàkò, wọ́n fi páànù agolo mílíìkì bò ó, wọ́n sì fi wáyà dì í. Páànù náà ti jóná kọjá. Ẹ̀rín pa Làsísì.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọ̀dẹ̀. Ṣàkírù, ẹran wo ló ṣe èyí fún ọ? Onítọ̀hún kò kọ́ṣẹ́. Ó yẹ ká wá ilé rẹ̀ lọ."

Ṣàkírù ń wolẹ̀. Bàbá gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ Làsísì, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó dì í ti lọ́ wáyà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti tẹ orí rẹ̀ sí apá òsì. Ní gbogbo Ògèrè, oníṣẹ́ sáláńsà kan ṣoṣo ló ń fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́.

"Ẹran náà nìyí," ni Bàbá wí, wọ́n sì fọwọ́ kan àyà ara wọn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá sọ ọ́ níwájú gbogbo àwọn tó dúró. Wọ́n ní kí òjò ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀, Làsísì lọ sìnkú, Ṣàkírù dé, ó ń kánjú, kò sí ọ̀pá tuntun nílẹ̀. Àwọn bò ó fún un kó fi dé Ìbàdàn, kó padà wá ní ọjọ́ kẹta. Kò padà wá.

"Mo sì rí i tó ń kọjá," ni Bàbá wí. "Lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọn fèrè kí mi, mo juwọ́ sí i. N kò dá a dúró."

"Bàbá, ẹ̀bi mi ni," ni Ṣàkírù wí. "Èmi ni mo kọ̀ tí n kò padà."

"Tìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Tèmi nìyí."

Ọ̀pá tuntun àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni wọ́n fi sí i. Bàbá fi ìyẹ́ wọn tọ gbogbo rẹ̀ lọ fúnra wọn, ìyẹ́ kò mì. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ ti gbéra. Ṣàkírù pè wá lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ pé àwọn ti dé, pé òun kò yán lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn oṣù kan, Alhája yà, ó ní Bàbá ti ba oníbàárà òun kan jẹ́, Ṣàkírù kò jẹ obì mọ́. Ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ obì kan sílẹ̀ fún Bàbá, tí kò ní eyín tí wọn yóò fi jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú sáláńsà náà, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ìkẹ́nnẹ́, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí wọ́n tó tẹ́ ẹní. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, wáyà náà ni àwọn kọ́kọ́ rí.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún Alhája látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é," ni mo wí. "Ìbá ti tètè gbà kí ẹ tú u."

"Ìbá sọ pé, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, á jẹ́ pé ó dára," ni wọ́n dáhùn. "Orúkọ mi ni ìbá gbé e lọ sí kòtò."

Wọ́n gbé páànù mílíìkì tó jóná náà kọ́ sí iwájú àtíbàbà, ibi tí gbogbo oníbàárà yóò ti rí i. Ojú ti Làsísì, ó fẹ́ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bàbá kò gbà. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yìn mí, kó kọ́kọ́ wò ó."

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, mo lọ bá ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi. Ní táàmù tó ṣáájú, mo fún un ní òdo nítorí àròkọ kan tó kọ, mo ní ó jí i kọ ni, nítorí ó dára jù. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé òun ló kọ ọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó tún un ṣe bí àyè bá yọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró níwájú ogójì ọmọ, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, mà," ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ó ti ń gbé e kiri.

Ṣàkírù wà lára àwọn tó bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì Bàbá. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó sì mú ọmọ rẹ̀ méjì lọ́wọ́, èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn ọjọ́ tí mo sọ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá ń yán nídìí ọkọ̀, tí orí sì ń fọ́ yín, ẹ má kọ́kọ́ na ọwọ́ sí obì. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sínú atẹ́gùn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín wo abẹ́ ọkọ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ kan ní àbọ̀ fún ẹnìkan, tí ó ń kọjá tí ẹ ń juwọ́ sí i, mo bẹ̀ yín, ẹ jáde sójú ọ̀nà kí ẹ dá a dúró. Ẹ má ní ẹ ń retí ìgbà tí yóò padà wá. Ó lè má padà wá.